Ìlà Ebè Tó Kù Lẹ́bàá Igi Ìyeyè

Bàbá mi tí mo gbé imú rẹ̀ wọ̀,

Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí ẹ wà láyé, n kò kọ lẹ́tà kankan sí yín rí, torí ẹ kò lè kà á, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Ní báyìí, ọ̀kan nínú wa ti kàwé sí i díẹ̀. Ẹ sì wò ó bí mo ṣe ń pè yín ní "ẹ". Nílé wa, "ìwọ" là ń pe bàbá ẹni, ẹnikẹ́ni kì í kà á sí àfojúdi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní tí èèyàn bá ń kọ̀wé sí àgbà, "ẹ" ni kó lò. Ẹ fara mọ́ ọn. Àgbà lẹ jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fi ọdún mẹ́wàá dàgbà jù yín lọ báyìí. Tí a bá pàdé lónìí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní olùkọ́. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn ará ìlú wa ní Ìsàn ti rín in tó. Látìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú, ilé dákẹ́ jù, mo wá sọ ìyọlẹ́nu àwọn aládùúgbò di iṣẹ́. Mo máa ń pe àwọn adìẹ wọn lórúkọ àwọn fúnra wọn. Ọmọ mi obìnrin ní kí n wá nǹkan gidi ṣe. Òun ló lọ gba fọ́ọ̀mù fún mi, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa iṣẹ́ àwùjọ, níbi tí wọn kì í ti béèrè ìwé rẹpẹtẹ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Mo ní ìwé mẹ́fà tí ẹ fi kòkó rán mi, ó sì tó.

Àwa mẹ́rin la wà nínú gúrúùpù wa. Dáre ń gun ọ̀kadà, ó ń fi sáré bí ẹni tí ọ̀run ń dúró dè. Kẹ́hìndé ń ránṣọ, ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Bùsọ́lá ló kéré jù, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá rẹ̀ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí. Dádì ni gbogbo wọn ń pè mí.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún gúrúùpù wa ni pé ká lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbi tó bá wù wá, kí kálukú sì kọ apá tirẹ̀ nípa ohun tó rí. Wọ́n á wá so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ìwé kan. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ifísìn la mú, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlú Bùsọ́lá. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbé àwọn ìkókó wá gba abẹ́rẹ́ la máa ń lọ. Dáre ń pọn omi. Kẹ́hìndé ń kọ orúkọ. Bùsọ́lá ń gbé àwọn ọmọ kọ́ sórí ìwọ̀n. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí ìkókó máa wò mí kó má bàa rí abẹ́rẹ́. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá mi fún nìyẹn. Mo máa ń yọ eyín àtọwọ́dá mi jáde, màá tún dá a padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ kan já a gbà lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ ẹnu.

"Bàbá! Ẹ gba eyín yín lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ!" Nọ́ọ̀sì àgbà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀, nọ́ọ̀sì, tirẹ̀ kò tíì hù."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n máa fi ojú nìkan ṣeré.

Nígbà tí ó di pé ká wá kọ̀wé, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Dáre ní òun kò ráyè. Kẹ́hìndé ní ìwé kíkọ máa ń mú òun sùn. Mo wá bi wọ́n bóyá wọn kò mọ àáró ni.

"Àáró wo, Dádì?"

Mo sọ fún wọn bí ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ yín ṣe ń ṣe é. Lónìí, gbogbo yín á wọ oko Lágbájá, ẹ ó kọ ebè rẹ̀ tán. Lọ́la, ó di oko Tàmẹ̀dò. Kò sí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, kò sì sí oko tí kò ní kàn. Mo sọ fún wọn bí ẹ ṣe máa ń ké "Uṣẹ́ yá!" ní òwúrọ̀ kùtù, tí èmi á máa díbọ́n pé mo ṣì ń sùn.

Kẹ́hìndé ní, "Dádì, asáínmẹ́ǹtì lèyí o, kì í ṣe iṣu."

Mo ní, "Iṣu ni. Ẹ ó jẹ ẹ́."

A bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Gbogbo wa kọ apá ti Dáre. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a kọ ti Kẹ́hìndé, ní Ọjọ́rú a kọ tèmi. Ó dùn, Bàbá. Mo rò pé mo ti mú nǹkan yín wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọjọ́bọ̀ ló kan Bùsọ́lá, ṣùgbọ́n Bùsọ́lá kò wá. Ọjọ́ náà ni àwọn mọ̀lẹ́bí ń pín aṣọ ìyá rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Kí ni àáró máa ń ṣe fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Nígbà tí ìyá mi kú, tí ẹ jókòó sílé tí ẹ ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan, àwọn ẹgbẹ́ yín kò bi yín léèrè nǹkan kan. Nígbà tí ẹ padà dé oko, ẹ bá ebè ní ìdúró. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí omi lójú yín. Nítorí náà, a kọ apá ti Bùsọ́lá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí i níbẹ̀. Èmi ni mo kọ èyí tó pọ̀ jù. Mo kọ ọ́ pé ìkókó orí ìwọ̀n máa ń sorọ̀ bí àdán. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí olùkọ́ wa fi pè wá. Obìnrin ni, ó lè jẹ́ àbúrò ọmọ mi. Màdáàmù là ń pè é. Ó tẹ́ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì.

"Àdán mẹ́ta ló wà nínú ìwé yìí," ó wí, "lábẹ́ orúkọ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni àwọn àdán yìí?"

Màdáàmù ní òun kò bínú sí ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan nínú tirẹ̀, òdo ló máa gbà. Bùsọ́lá ti fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Tó bá tún gba òdo, wọ́n máa ní kó máa lọ ilé ni. Gbogbo wa la mọ̀. Màdáàmù wá kọjú sí mi.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù. Ṣé Bùsọ́lá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kọ tirẹ̀?"

Bùsọ́lá ń wo ilẹ̀. Dáre fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Bàbá, ẹ mọ̀ mí. Irọ́ kì í ṣe iṣẹ́ líle fún mi. Mo ti ní i lẹ́nu, ó ti gbóná, ó kù kí n bù ú fún Màdáàmù. Oko yín ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ rántí àáró tó kẹ́yìn tí ẹ ṣe. Ikọ́ ti ń dà yín láàmú nígbà náà. Èmi ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ní Ọ̀tùn, ẹ sì ránṣẹ́ sí mi pé ó kàn wá, kí n wá di ìlà àkọ́kọ́ mú, torí olóko tàbí ọmọ olóko ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Mo ní màá wá. N kò wá. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kẹta, mo sọ fún yín pé mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà. Mo tilẹ̀ sọ táyà tó fọ́ fún yín, mo sọ iye ìgbà tí awakọ̀ ṣẹ́ èpè. Ẹ wò mí. Ẹ ní ó dáa. Àwọn ẹgbẹ́ yín wá sọ fún mi pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé ọkọ́, tí ẹ ń wúkọ́ láti ebè dé ebè, títí ó fi ku ìlà kan lẹ́bàá igi ìyeyè. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ yín máa kọ ọ́ tó bá dé. Mo padà sí Ọ̀tùn láìkọ ọ́, oṣù náà kò sì parí tí ẹ fi kú. Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀.

Mọ́tò kankan kò bàjẹ́, Bàbá. Ọmọbìnrin kan ló ní òun máa gba iwájú ibi iṣẹ́ wa kọjá lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Mo wọ ṣòkòtò tó mọ́, mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kò tilẹ̀ kọjá. Ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni mo pa? Ṣé ìdí tí ẹ fi wò mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ pé ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó pè é ní igba, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Mo ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà yẹn. Kì í tán.

Mo wá sọ fún Màdáàmù pé, "Kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo ni gbogbo àdán yẹn."

Mo ṣàlàyé àáró fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Dádì, ebè tí ẹ bá kọ fún un, òun ló máa jẹ iṣu rẹ̀. Ìwé tí ẹ kọ fún un yìí, orí ta ló wọ̀?"

N kò rí èsì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, torí kì í ṣẹlẹ̀ sí mi lójoojúmọ́. Ó gé máàkì àwa yòókù. Ó ní kí Bùsọ́lá dá lọ Ifísìn ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀, kó sì kọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bùsọ́lá sunkún jáde. Dáre kò gbé mi sórí ọ̀kadà lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹnu yín tí kì í sinmi, òní ló yẹ kó sinmi." Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí mo ti rí takisí.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, èmi náà lọ Ifísìn. N kò wọlé o. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí arúgbó má ṣe gé koríko iwájú ilé ìwòsàn. Mo ń gé e, mo ń yọjú wo ojú fèrèsé. Bùsọ́lá gbé àwọn ọmọ kọ́, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò kọ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì àgbà wá jókòó tì í, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ó ti bẹ̀rẹ̀, tí kò gbórí sókè mọ́.

Nígbà tó jáde, ó dúró lẹ́yìn mi.

"Dádì, ibì kan náà lẹ ti gé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ó yege. Nígbà tí Màdáàmù dá ìwé náà padà ni mo tó rí i kà. Ó kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì àgbà sọ fún òun pé orí ìwọ̀n kan náà ni ìyá òun gbé òun kọ́ nígbà tí òun wà ní ìkókó, àti pé ìyá òun máa ń fi ọwọ́ gbá ìdí òun mú nísàlẹ̀, kí ìwọ̀n má bàa dá òun gbé. Ó ní gbogbo ìgbà ni nọ́ọ̀sì máa ń bá a jà pé kó jọ̀wọ́ ọmọ kí ìwọ̀n lè sọ òtítọ́. Kò sí àdán kankan nínú rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀.

Bùsọ́lá ló wá ní àáró ṣì wà lọ́rùn òun. Ó ní òun fọwọ́ ara òun kọ tòun, àmọ́ àwa tá a wá lọ́jọ́ náà, nítorí òun la ṣe wá. "Oko ta ló kàn, Dádì?"

Mo ní oko bàbá mi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá la lọ. Igi ìyeyè yẹn ṣì wà, ó kàn ti tẹ̀ bí èmi ni. Igbó ti bo ìdí rẹ̀, Dáre ṣán an. Kẹ́hìndé bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ àárín igbó la ti fẹ́ kọ ìlà kan ṣoṣo. Mo sọ ọ́ fún wọn, ti ọmọbìnrin yẹn àti ti mọ́tò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àní Kẹ́hìndé pàápàá. Ìgbà tí mo gbé ọkọ́ ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Ọmọ olóko ló ń ṣíwájú, nítorí náà èmi ni mo ṣíwájú. Ogún ebè ni ìlà náà gbà. A ti fi iṣu sí i. Mẹ́ta péré ni mo kọ kí ìbàdí mi tó sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí ló kọ ìyókù. Mẹ́ta ni, Bàbá. N kò ní pè é ní mẹ́rin.

Èmi ni,
ọmọ yín tó pẹ́ dé oko.