Ìwé Ọjọ́ Orí Tí Mo Ya

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ya ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ de Oyíndà ọmọ mi. Mo ya á sí méjì, mo ya á sí mẹ́rin, mo sì dáná sun ún lẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi kí Kúnlé tó wá fi ẹjọ́ mi sùn yín níbi sàréè, torí mo mọ àbúrò mi. Ó lè wakọ̀ láti Ìlọrin dé Ọ̀mù-Àrán nítorí ẹjọ́ lásán.

Òun náà ló rí ìwé ọ̀hún. Ó ń tú àpótí onírin yín, èyí tí ẹ máa ń kó fọ́tò àwọn ọmọ ilé ìwé yín sí, ó ní òun ń wá ìwé ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bá àpòòwé kan pàdé tí ẹ kọ orúkọ ọmọ mi sí lára, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé yín tó máa ń gún bí ẹni fi rúlà fà á. Ìwé ìbúra láti kóòtù ni. Ẹ ti búra níwájú wọn pé ẹ̀yin ni bàbá tó bí ìyá Oyíndà, pé ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ẹ sì fi ọdún méjì dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ, ìwé yẹn ṣì ń dúró de ọjọ́ tí ọmọ náà máa fẹ́ wọ SS 1.

Inú Kúnlé ń dùn lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo iṣẹ́ Bàbá! Bàbá ti bá wa parí ẹ̀ sílẹ̀!"

Mo lọ bá a nílé yín, mo gba ìwé náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín, mo sunkún. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń jókòó ti Oyíndà ní ọsibítù lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbá a ní Tanke, tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́, tí ẹ ń bó ọsàn fún un, tí ẹ sì ń fi ẹ̀là ọsàn kọ́ ọ ní ìṣirò. Nígbà tí mo ń sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ọmọ mi ti pàdánù ọdún kan nílé ìwé, pé ó tún fẹ́ pàdánù èkejì, ẹ fọwọ́ lé mi léjìká. "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Tó bá tó àkókò, a ó bá a dín in." N kò dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi nìyí.

N kò fẹ́.

Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ta ló kọ́ mi ní irọ́ pípa? Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé ìwé, tí ẹ máa ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ pẹ́ńsùlù kan ṣoṣo.

Ṣé ẹ rántí? Ọ̀dọ̀ ìyá yín ni mo gbé ní Ọ̀mù-Àrán nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá àgbà ní n kò ní lọ sílé ìwé àfi tí apá mi bá gba orí kọjá kan etí kejì. Apá mi kúrú, orí mi sì tóbi. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ọwọ́ mi lé orí níwájú tíṣà, ọdọọdún ni wọ́n ń dá mi padà sílé. Ìgbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ìka mi tó kan etí. Bí mo ṣe parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn, ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tí ẹ fẹ́ kí n lọ sì ní àwọn kò gba ọmọ tó ti ju méjìlá lọ. Lẹ bá gba kóòtù lọ. Ẹ yọ ọdún mẹ́ta kúrò lára mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò, ẹ gbé mi sẹ́yìn alùpùpù yín. Láti ilé títí a fi kọjá Táíwò Road ní Ìlọrin ni ẹ ń bi mí: "Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ?" Tí mo bá ṣì í, ẹ ó ní kí n tún un sọ. Bí ẹ ṣe kọ́ mi ní ìsọdipúpọ̀ náà ni ẹ ṣe kọ́ mi ní irọ́ ọ̀hún, à ń tún un sọ títí ó fi yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Mo wọlé. Inú yín dùn, ẹ ra súyà fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n títí dòní n kò mọ ẹni tí wọ́n gbà. Ṣé èmi ni, àbí ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tí ẹ dá sílẹ̀ ní kóòtù? Ṣé ẹ rò pé ọpọlọ mi kò tó láti fi ọdún mẹ́rìnlá mi wọlé ni? Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi gan-an sínú Bíbélì yín, ẹ wá kọ òmíràn fún ìjọba. Èwo nínú méjèèjì ni ẹ fẹ́ kí n máa jẹ́?

Látìgbà náà ni mo ti ń gbé pẹ̀lú ọjọ́ orí méjì. Nínú ìwé, Kúnlé tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò fi ọdún kan jù mí lọ. Tí a bá ń jà, á ní kí n bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gé kéèkì ogójì ọdún fún mi ní ọ́fíìsì, mo ti pé mẹ́tàlélógójì. Wọ́n ṣàdúrà, mo ṣe àmín. Kò sí ọjọ́ ìbí kan tí wọ́n bi mí ní iye ọdún mi tí n kò kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kí n tó dáhùn.

Ẹ̀rù ẹ̀ ló bà mí fún Oyíndà.

Odindi oṣù mẹ́rin la fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ SS 1 ní ilé ìwé kan tó wù ú. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, a ó gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó ṣí ìwé ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá. Mo rí i pé mo ti ń ṣe bíi yín. Mo ń fi abẹ gbẹ́ pẹ́ńsùlù, mo ń fi bírò há etí, mo ń jẹ ẹ̀pà bí mo ṣe ń máàkì. Ìṣirò kò ni ọmọ náà lára. Àròkọ ni wàhálà rẹ̀. Á kọ gbólóhùn mẹ́ta, á ní ó parí. Lọ́jọ́ kan mo ní kó kọ nípa ọsibítù, ló bá kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ sọ fún òun pé bí wọ́n bá tiẹ̀ gé ẹsẹ̀ òun, ẹ ó máa pọn òun lọ sí kíláàsì. N kò mọ̀ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn wo lẹ fẹ́ fi pọ̀n ọ́n, Bàbá? Ẹ̀yìn yín tó ti tẹ̀ yẹn?

Ilé ìwé tó wù ú yìí ní ọmọ tó bá ti ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kò lè wọlé. Ó ti pé mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí a dé káfé láti kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kò gba ọdún tí wọ́n bí i. Ọmọbìnrin tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ rẹ́rìn-ín sí mi. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ mẹ́rìnlá síbẹ̀ jàre. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ta ló fẹ́ wá a wò?" Mo ní kó tẹ fọ́ọ̀mù náà jáde fún mi lófìfo, màá fọwọ́ kọ ọ́, màá sì fẹsẹ̀ mi gbé e lọ.

A jókòó sílé, mo kọ ọjọ́ ìbí Oyíndà bí ó ṣe rí. Àyà mi le bí àyà jagunjagun. Mo wá dé ibi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ ìbí òbí, mo sì kọ irọ́ síbẹ̀ láìronú rárá. Ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọmọ yẹn wò mí. Ó ti ka Bíbélì yín tipẹ́.

"Mọ́mì, ṣé èmi nìkan ni mo máa sọ òótọ́ ni?"

Ilẹ̀ ìbá lanu lọ́jọ́ náà kí n wọlé. Mo fagi lé e, mo kọ òtítọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Akọ̀wé ilé ìwé náà wo fọ́ọ̀mù, ó wo káàdì ìdánimọ̀ mi, ó ní ọjọ́ orí èmi kò bára mu, tọmọ sì ti pọ̀ jù. Ó tì í padà sí mi. N kò lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ọ́fíìsì yẹn, wọ́n ń ré mi kọjá bí ẹni ré àpò sìmẹ́ńtì kọjá. Lọ́jọ́ kẹta, pírínsípà fúnra wọn dúró tì mí, Àlájà kan, àgbà obìnrin. Wọ́n ní kí ló dé tí n kò kúkú ṣe bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo dárúkọ yín níbẹ̀. Mo ní bàbá mi fẹ́ràn mi, ó bá mi purọ́, irọ́ náà sì ti sú mi í gbé kiri. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú.

Wọ́n gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi. "Wàllàhí, ojú yín le o. Ọmọ máa ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n tí kò bá mókè, mi ò fẹ́ rí yín lórí bẹ́ǹṣì yìí mọ́."

Ó mókè, Bàbá! Orúkọ rẹ̀ ló ṣìkẹjọ lára ògiri. Wọ́n kọ ọjọ́ orí sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá, tiẹ̀ wá jẹ́ mẹ́rìndínlógún gedegbe. Ó fi ìka kàn án, ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun á máa pe òun ní Àǹtí. Mo ní kí wọ́n máa pè é, ṣé kì í ṣe àǹtí wọn ni? Ó tiro lọ síwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi mọ ẹni tí wọ́n gbà.

Ní Mọ́ńdè, mo fi lẹ́tà sílẹ̀ níbi iṣẹ́ mi pé kí wọ́n tún ọjọ́ orí mi kọ. Kúnlé ní orí mi ti dàrú, pé wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní fi pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo pé àádọ́ta ọdún ní Sátidé tó kọjá, mo sì dá ẹni tó béèrè ọjọ́ orí mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ ó ti yọ awò ojú yín, ẹ ó ti pè mí wọ yàrá, ẹ ó ní kí n lọ gba lẹ́tà náà padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Màá kúnlẹ̀ fún yín, Bàbá. Màá wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí inú yín yóò fi rọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní lọ gbà á.

Ẹ sinmi dáadáa. Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, ẹni àádọ́ta ọdún.