Ọmọ Mi Kọrin Nígbà Tí Bàálù Ń Bọ̀

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Láti ọjọ́ tí bọ́ǹbù ti jó ilé wa ní ìpínlẹ̀ Kayah tí ogun ti ń jà ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Inú igbó tí a sá sí la ti ń retí Kérésì. Lọ́jọ́ Àìkú kẹta Bíbọ̀ Olúwa, Bàbá Klaw Reh tó ń darí àdúrà wa tan àbẹ́là kẹta tí à ń pè ní àbẹ́là ayọ̀, ó ní ká kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ nítorí bàálù ogun.

Ìyá ọkọ mi dáhùn pé, “Jẹ́ẹ́jẹ́ kẹ̀? Ṣé olè ni wá ni? Bí bàálù bá fẹ́ gbọ́, kó wá jókòó!”

A rẹ́rìn-ín, a gbé orin. Àfi bí ọmọ mi ṣe la ẹnu, tó ń kọrin sókè ju gbogbo wa lọ! Mo bú sẹ́kún ayọ̀.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ ìró bàálù. Bàbá pa àbẹ́là. Mo fọwọ́ bo ọmọ mi lẹ́nu, ó ń jà pé òun fẹ́ parí orin òun. Bàálù náà yí lórí wa lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń padà wá.

Láàárọ̀ yìí ọmọ mi béèrè pé, “Màmá, ṣé a ó kọrin lọ́jọ́ Àìkú?” Bí mo bá ní rárá, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò tún yadi. Ẹ̀yin òbí, kí ni kí n sọ fún un?