Òfin Tí O Fi Sílẹ̀ Nínú Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi ti ń wálẹ̀.

Ẹsẹ̀ àkọ́bí mi ló kán níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì. Mo fi àyà jíjá sáré dé ọsibítù, mo bá agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tó ń nu ara fún un. Ọ̀kan nínú wọn ní:

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ wa ni: ẹni tó bá fara pa kì í dá wà. Ọmọ tiyín ló kàn wúwo jù láti gbé!"

Wọn ò mọ ẹni tó ṣòfin náà. Ìwọ ni, lọ́dún tí ẹ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní yunifásítì yẹn, tí orúnkún rẹ yẹ̀, tí mo fìbínú kọ̀ láti wá wò ọ́ torí bọ́ọ̀lù tí o ń gbá. O ṣeun. Dárí jì mí.

Wọ́n ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà báyìí. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n mọ bí òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ náà ò ní ṣaláìní ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin