Ìràwọ̀ Tí Jàlálù Ń Ṣọ́

Wúlẹ̀mọ̀tù àbúrò mi, ara mi le, oúnjẹ wà. Ọmọ tuntun tí mo wá bá Jàlálù ọmọ mi wẹ̀ nílùú òyìnbó ti ń sáré báyìí. Mo ní kí Jàlálù mú mi padà sí Ìlobù. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí èyí tí mò ń ṣọ́ kú tán ná."

Mo pe innalílláhì: ta ló ń kú? Ó ní ìràwọ̀ kan ló bú gbàmù, iṣẹ́ òun ni láti máa fi ẹ̀rọ pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ bí òṣùmàrè, kóun lè mọ ohun tó tú jáde nínú rẹ̀. Ó ní tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá kú tán, lẹ́yìn ọdún méjìlá á tún bú, á tún tàn.

Mo ní, "Tí èmi bá kú, mi ò ní tún tàn." Ó tún padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Bá mi kí Hàfúsátù ọmọ rẹ. Sọ fún un kó yé gbá yàrá mi dè mí mọ́. Kó kó iṣu rẹ̀ síbẹ̀, n kò mọ ọjọ́ tí màá dé.