Agogo Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà tí ẹ kì í jẹ́ kó sinmi lórí wa. Mo kí Bàbá Àgbà ní yàrá iwájú, mo kí Àǹtí Bọ́lá àtàwọn ọmọ wọn, mo kí gbogbo ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ jọ ń kọrin ní Mẹ́tọ́díìsì. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Òjò Èkó ti dé ní tiwa. Láàárọ̀ yìí, omi wọ yàrá mi ní Ìpọ̀nrí, mo fi korobá gbọ́n ọn títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Ara le ṣá. Mo ṣì ń gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí yẹn ní Ijora. Owó tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá kò tó nǹkan, ẹ forí jì mí.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí ọmọ yín fi ń kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn, bí ẹni pé fóònù ò sí mọ́. Màámi, ẹnu mi ò gbà á lórí fóònù. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè tí ẹ bá pè mí, ẹ máa ń ní Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun ti kọ́kọ́ pè yín, pé wọ́n ní ẹgbẹ́ olórin wa ń lọ dáadáa, pé orin tuntun tí à ń kọ́ ń wọ̀ wá lára, pé èmi àti àwọn kì í fira wa sílẹ̀. Ẹ ó wá máa súre, èmi náà ó máa ṣe àmín. Irọ́ ni, Màámi. Ó ti lé lóṣù márùn-ún tí mo fojú kan Ẹ̀gbọ́n gbẹ̀yìn. Àṣírí mi ni wọ́n ń fi irọ́ yẹn bò, nítorí èmi ni mo lé wọn.

Nígbà tí à ń kúrò ní Iléṣà, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ fi lé Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ mo ti hu irùngbọ̀n nígbà náà o. Agogo tí Bàbá wa tó ti sinmi fún wọn ló wà lọ́wọ́ wọn kejì. Ẹ rántí pé Bàbá tó fi gbogbo ayé wọn darí akọrin máa ń sọ pé ohùn dídùn pọ̀ nígboro, ṣùgbọ́n ẹni tó di agogo mú ló di gbogbo akọrin mú. Mo gbọ́ ọ. Kò wọ̀ mí létí ni.

Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Surulere la ti ń gbáradì lọ́sàn-án Sátidé. Èmi ni mò ń lé orin, èmi ọ̀gá ẹgbẹ́! Múfú, ọmọ Mushin, ló ń lu dúrọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú agogo wọn. A ò tíì lókìkí, ìdúpẹ́ àti ìsọmọlórúkọ la ń bá kiri, ṣùgbọ́n a máa ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Rótìmí onígìtá dé, tó ti bá àwọn olórin ńlá ṣiṣẹ́ rí. Ha, Màámi, ọwọ́ rẹ̀ lórí gìtá! Orí mi wú. Mo ní àwọn ènìyàn tó yẹ ti ń dé nìyí.

Lọ́jọ́ kan tí Ẹ̀gbọ́n lọ ra omi tútù wá fún wa, Rótìmí ní agogo yẹn ń mú kí orin wa dún bí ìgbà tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ ilé ìwé jẹun ọ̀sán. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ òun tó lè máa pa àkókò mọ́ fún wa, tí kì í ṣì í, tí kì í sì í béèrè oúnjẹ. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wọlé, wọ́n pín omi fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín kí àwọn náà lè bá wa rín in.

Ẹ̀gbọ́n fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Ẹ̀yìn wọn ni mo ti gbọ́ orin àkọ́kọ́ láyé mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú wọn kí n ní kí wọ́n má wá mọ́? Mo ní mi ò lè ṣe àfojúdi sí àgbà. Ẹ gbọ́ mi o, àfojúdi ni mo ń sá fún! Ohun tí mo wá ṣe burú jù ú lọ. Mo gbé ìgbáradì kúrò ní Surulere lọ sí Yaba, mo sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àfi Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbé e.

Mẹ́gádì ilé ìwé náà ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní Ẹ̀gbọ́n wá ní Sátidé mẹ́rin, wọ́n lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn dáadáa, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú agogo nínú náílọ́ọ̀nù lórí itan. Ní Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n ní bóyá òjò ló dá wa dúró. Ní ìkejì, wọ́n ń béèrè bóyá ara mi ò yá ni. Ní ìkẹta, wọn ò béèrè nǹkan kan. Ní ìkẹrin, wọ́n gbé agogo fún mẹ́gádì, wọ́n ní tí àbúrò àwọn bá yà, kó bá àwọn fún un, kó má jẹ́ kó dógùn-ún.

Ní Yaba, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni kan ò wá, ẹni kejì pẹ́, àwọn méjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pe gbogbo wọn ní Fúráìdè. Àwọn ló máa ń lọ kan ilẹ̀kùn Múfú láàárọ̀ Sátidé kó tó jí. Nígbà tí ìyàwó Múfú bímọ, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló gbé ọṣẹ lọ kí wọn, èmi ọ̀gá ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó lóyún. Bí ìjà bá dé, àwọn ló ń parí rẹ̀ kó tó dé etí mi. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹni tó ń mú wa rìn pọ̀ ni mo fi sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì.

Lóṣù tó kọjá, àwọn kan tó ń wá ẹgbẹ́ tí yóò máa kọrin fún wọn ní gbogbo ọdún ní kí a wá ṣeré fún wọn ní gbọ̀ngàn kan ní Iganmu. Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé Èkó. Àwa mẹ́ta la dé ibẹ̀. Rótìmí ti gba ọ̀dọ̀ olórin mìíràn lọ, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀, kò pè mí, kò sọ fún mi. Ó ṣe mí bí mo ṣe ṣe Ẹ̀gbọ́n gẹ́lẹ́. Múfú jókòó ti dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, ó wò yíká, ó bi mí pé Ẹ̀gbọ́n dà. Mo ní kó máa lu ìlù rẹ̀ lọ. A gbìyànjú orin kan, kò tíì dé àárín tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé ó ti tó. Òjò pa mí láti Iganmu dé Ìpọ̀nrí, mi ò wọ ọkọ̀, mò ń sunkún.

Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ gba agogo náà lọ́wọ́ mẹ́gádì, mo gba ibẹ̀ lọ sílé Ẹ̀gbọ́n ní Mushin. Ìyá onílé ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kó jáde, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo ń pè wọ́n, ó ń dún, wọn ò gbé e. Ìpè tiyín nìkan ni wọ́n ń gbé.

Ìdí tí mo fi kó ọ̀rọ̀ ilé wa síta nìyí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n kì í fi ìwé ìròyìn Yorùbá yìí ṣeré, wọ́n lè fi owó àkàrà rà á. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá ń kà á, ẹ dákun. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti Rótìmí. Mi ò pè yín padà sí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ti tú. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá.

Màámi, tí wọ́n bá pè yín ní Sọ́ńdè tí wọ́n ní ìgbáradì lọ dáadáa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pariwo, ẹ má ní ẹ ti gbọ́. Ẹ kàn bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, àti ibi tí wọ́n ń sùn. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ sọ ọ́ fún mi, kí ẹ̀yin ṣáà mọ̀ ọ́n. Agogo wà lọ́dọ̀ mi. Mo ń fi òróró nù ún, kò dógùn-ún. Mo gbìyànjú láti lù ú, mi ò lè dì í mú dé òpin orin kan ṣoṣo.

Ọlọ́run ó dá yín sí, ẹ ò ní fojú sunkún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Gbogbo lẹ́tà tí a ti kọ sí yín láti Èkó, orúkọ Ẹ̀gbọ́n ló máa ń wà lókè, tèmi á wà lábẹ́. Mo ti fi àyè tiwọn sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọ yín ni mí,

. . . . . . . . . .

Bánjí