Mo Máa Ń Jókòó Sínú Ọkọ̀, Mo Máa Ń Wo Ọmọ-Ọmọ Mi Lójú Fèrèsé

Èmi ni mo já ọmọ-ọmọ mi gbà lọ́kàn ìyá rẹ̀. N kò nà án, n kò pariwo mọ́ ọn, kò sí àpá kankan lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn lójú-ewé yìí, tí mò ń mi orí, tí mò ń sọ nínú ara mi pé àwọn ènìyàn mà burú o... Lónìí, ó kàn mí. Ẹ má ṣe tìtorí ewú orí mi fi òótọ́ pa mọ́ fún mi.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Mo lọ sí yunifásítì láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì oúnjẹ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́, tí a kì í wọ yàrá ìjẹun láìwọ bàtà tó ń dán. Mo ṣe ọ̀gá ilé-ìwé girama títí mo fi fẹ̀yìntì. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, obìnrin ni, sójà sì ni níbí ní Amẹ́ríkà, McDonough lẹ́yìn Atlanta ni ilé rẹ̀ wà. Ó bí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Teni. Bàbá Teni ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́. Nígbà tí deployment kan ìyá Teni, oṣù mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ òkèèrè, èmi ni ó bẹ̀ kí n wá dúró ti ọmọ náà, mo sì di ẹrù mi, mo wá.

Ilé ìtọ́jú ọmọ kan wà nítòsí wa tí ó kún fún ọmọ àwọn sójà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń gbé Teni lọ síbẹ̀, wọ́n á fún un ní oúnjẹ, van wọn á gbé e lọ sí ilé-ìwé, á tún gbé e padà ní aago mẹ́ta, á wá máa ṣe homework níbẹ̀ títí ẹni tó fẹ́ mú un á fi dé. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Nítorí àwọn òbí tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dé ni wọ́n ṣe ń ṣí i pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nítorí arúgbó tí kò ní iṣẹ́ kankan. Ìyá Teni sọ ọ́ fún mi léraléra kí ó tó wọ bàálù, ó ní Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, three o'clock, ẹ máa tètè lọ mú un, ẹ má jẹ́ kó máa jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí ò lẹ́nì kan. Mo ní mo ti gbọ́.

Wọ́n lẹ fọ́tò àwọn òbí tí wọ́n wà lókèèrè mọ́ ògiri kan nínú ilé náà. Ìyá Teni wà níbẹ̀ nínú aṣọ sójà, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ní tablet kan tí ọmọ lè fi bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ó bá pè. Wọ́n fún mi ní form pé ṣé mo fọwọ́ sí i, mo mú No. Kò tíì sí ìkà nínú rẹ̀ nígbà náà, mo kàn rò pé ibi ẹ̀kọ́ ni ibi ẹ̀kọ́, kí ìyá rẹ̀ máa pe fóònù tèmi. Ọjọ́rú nìkan ni àyè ń gba ìyá Teni láti pè, nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ níbí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ó bẹ̀rẹ̀. Àwa àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Teni jáde láti kíláàsì àwọn ọmọdé, ọwọ́ kan nínú àpò, ó na àtẹ́lẹwọ́ kejì sí mi pé kí n fi tèmi gbá a, ó ní Hey, Grandpa. Díákónì kan tí a jọ máa ń ṣeré ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Prof ni ó máa ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n rí láyé mi. Ó ní, “Prof, ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ kọ́ ò lóǹkà, tinú ilé yín ló wá ń sọ Hey Grandpa?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń bọ̀ láti parking lot ni ó ti ń ké sí mi, Hey Grandpa, ẹ káàárọ̀ o.

Mo délé, mo sọ fún Teni pé ọmọbìnrin ilé wa ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ó ní níbí, hi náà ni àwọn máa ń sọ. Láyé àtijọ́, pàṣán ni ì bá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ ilẹ̀ tí a wà... Mo bá wá pàṣán mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì mo dé ilé ìtọ́jú ọmọ náà ní aago mẹ́ta, mo páàkì sábẹ́ igi kan tó kọjú sí fèrèsé wọn, n kò sì wọlé. Mo ń wo àwọn òbí bí wọ́n ti ń wọlé tí wọ́n ń mú ọmọ wọn jáde, ọ̀kan, méjì, márùn-ún, títí ó fi ku Teni nìkan pẹ̀lú Miss Denise, obìnrin tó ń tọ́jú wọn. Nígbà tí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo tó wọlé. Mo sọ fún un nínú ọkọ̀ pé ọmọ tí kò mọ ìkíni ni wọ́n máa ń mú gbẹ̀yìn. Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, mo ní ìwé ìròyìn, mo ní ẹ̀pà, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ bi mí léèrè, ṣé kò dùn mí? Kò dùn mí. Ká sòótọ́, ó dùn mọ́ mi.

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé, bàbá mi fi mí sí ilé-ìwé tí à ń gbé. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, àwọn òbí a gbé ìrẹsì àti adìyẹ díndín dé, èmi a dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá géètì títí wọn a fi lu agogo oúnjẹ alẹ́. Bàbá mi kò wá rí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé mi pé ìdúró yẹn ni ó sọ mí di ènìyàn. Ṣé òótọ́ ni? Àbí n kò kàn lè gbà pé bàbá mi gbàgbé mi ni?

Ọjọ́rú dé, mo wà nínú ọkọ̀, fóònù dún. Ìyá Teni ni. Mo ń wo ọmọ náà lójú fèrèsé, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí mi, mo lè gbé fóònù wọlé fún un kí ìyá rẹ̀ tó parí ìkíni. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé aago mẹ́fà... Mo ní ó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré, ó ní òun kò ráyè. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa. Lọ́sẹ̀ kejì mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́sẹ̀ kẹrin ó ní kí n má fi dandan mú un, Daddy, ẹ fi í sílẹ̀, bóyá inú ló ń bí i sí mi. Èmi sì ní, bóyá. Ẹ̀yin ènìyàn, irú ẹnu wo ni mo fi sọ bóyá yẹn?

Nígbà tí Teni bi mí pé ṣé Mommy ti pè, mo ní ọmọ tó mọ ìkíni ni wọ́n ń pè. Ọ̀rọ̀ tó kàn jáde lẹ́nu mi nìyẹn, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Teni mọ ìkíni nígbẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀ sà. Díákónì ń pàtẹ́wọ́, ó ní Prof, ẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ wa. Mo ga bí òkè. Nítorí náà, ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo mú Teni ní aago mẹ́ta, mo fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ojú ìyá rẹ̀ yọ nínú fóònù, Teni sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ìyá rẹ̀ bi í pé báwo ni ilé-ìwé, ó ní dáadáa ni mà. Ó bi í pé ṣé ó fẹ́ sọ nǹkan kan fún òun, ó ní rárá mà. “Ẹ” ni ó ń lò fún ìyá tó bí i, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Kò sunkún, kò béèrè ìgbà tó ń bọ̀. Kò dìde lórí orúnkún rẹ̀ títí wọ́n fi parí.

Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ ní kí n jáde sí ìta pẹ̀lú fóònù. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní Daddy, ẹ ti tọ́ ọ dáadáa, ó ti gbọ́n, kò tiẹ̀ wá mi mọ́. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti ń bẹ òun pé kí òun fi ọdún kan sí i lókèèrè, òun ti fẹ́ kọ̀ ọ́ nítorí Teni, ṣùgbọ́n bó ti rí yìí, kí ni òun ń sáré bọ̀ wá ṣe? Ó ní Friday tó ń bọ̀ yìí, ọ̀tunla, ni òun á fọwọ́ sí i.

Mo ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.

Ní àná, Miss Denise dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú, ó kàn ń nu tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́, ó ní Mr. Baba, you know she sees your car, right? Ó ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni Teni ti ń rí mi nínú ọkọ̀. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń juwọ́ sí mi títí apá rẹ̀ á fi rọ̀. Ìwé ìròyìn ni mò ń kà, n kò rí i.

Ní àárọ̀ òní, bí mo ṣe ń gbé e lọ, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀, nínú òtútù, lórí sìmẹ́ǹtì, ó wá gbójú sókè sí mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo ti mọ̀ ọ́n kí tán báyìí? Ṣé Mommy lè máa bọ̀ nílé?”

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Ó rò pé nítorí orúnkún òun ni wọ́n ṣe mú ìyá òun lọ. Gbogbo kíkúnlẹ̀ tó kúnlẹ̀ níwájú fóònù, ó fi ń bẹ̀ ẹ́ kó padà wá ni... ìyá rẹ̀ sì rò pé ó ti gbàgbé òun.

Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn? Mo ní, ó kù díẹ̀.

Bí mo bá sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀, yóò padà wá, ṣùgbọ́n n kò ní sùn mọ́jú kejì nínú ilé rẹ̀, n kò sì rò pé yóò tún jẹ́ kí n fojú kan Teni láé. Àwọn méjèèjì nìkan ni mo ní. Ilé tó wà nílé, eruku ló ń gbé ibẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ó di ọdún kan sí i, Teni á máa kúnlẹ̀, wọ́n á máa pè mí ní bàbá rere. Ṣé kí n sọ gbogbo rẹ̀? Ṣé kí n sọ díẹ̀? Ṣé kí n kàn gbé fóònù fún ọmọ náà kí n sì ní kí ó sunkún bó bá ṣe wù ú?

Ọjọ́rú ni òní. Aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abẹ́ igi yẹn náà ni mo wà tí mo ti ń kọ èyí sí yín. Ó wà ní fèrèsé. Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ juwọ́ sí i, kò dá a padà. Bí fóònù yìí bá dún, kí ni kí n sọ?