Ewé Tó Dà Bí Ọṣẹ Lẹ́nu Mi

Ìyá mi,

Ara mi le ní Bouaké, mo sì ń jẹun. Búrẹ́dì pọ̀ níbí. Ìyá ọkọ mi fi ewé koriándírì se ọbẹ̀, ó dà bí ọṣẹ lẹ́nu mi. Mo rò pé wọn ò ṣan ìkòkò dáadáa, ni mo bá tún gbogbo ìkòkò wọn fọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọn kì í dáhùn.

Larissa, àbúrò ọkọ mi, ní àwọn kan ń jogún irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ ni. N ò ní torí ewé kó ẹrù wálé. Mo fi aṣọ tútù wé díẹ̀ nínú ewé náà, mo fi rán Jàfárù tó ń bọ̀ nílé. Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi. Bí kò bá tilẹ̀ dà bí ọṣẹ lẹ́nu yín, ẹ ṣáà sọ pé ọṣẹ ni.

Ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ ní mo ti sanra.

Sìdíkátù yín